Alága, ẹ jẹ́ ká jọ gbẹ́ gọ́tà náà: lẹ́tà ṣíṣí láti ẹnu ọjà kan l'Abẹ́òkúta

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti gbogbo ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ tí ẹ jọ ń ṣe é,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ̀mí yín á gùn, Ọlọ́run á sì fi agbára kún agbára yín. Mo mọ̀ pé ẹrù tó wà lọ́rùn yín kò kéré, nítorí náà n kò ní fi ìkíni gba àkókò yín.

Èlùbọ́ láfún ni mo ń tà. Ìyá mi ló ń tà á kí n tó bẹ̀rẹ̀, orí pákó tó ń pàtẹ sí náà ni mo jókòó sí títí dòní. Ọjà wa kò tóbi. Kì í ṣe Kútọ̀, kì í ṣe Ìtòkú, kì í ṣe Làfẹ́nwá. Ọjà àdúgbò ni, ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá kan, àwa mọ́kànlélógójì la sì ń tajà níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, n kò sì ní sọ bóyá ìhà Àríwá ni tàbí Gúúsù, nítorí kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ti ń palẹ̀ ọjà mọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta dé pẹ̀lú ike ọ̀dà pupa. Wọn ò kí wa. Wọ́n ń ti òpó àtíbàbà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kọ X ńlá sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà náà ro sórí àpò láfún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, àpò náà ṣì wà nílé mi. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ òpó iná tó wà lẹ́nu ọjà, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ bébà náà látòkè délẹ̀. Àwa tí a lè kà á kò pé mẹ́wàá. Ọmọ aláta kan tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga girama ló dúró níwájú òpó náà, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà, tí wọ́n di ọwọ́ mọ́ra tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀: ọjọ́ méje, kí gbogbo wa kó kúrò, káńsù fẹ́ fẹ gọ́tà, wọ́n á sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Wọn ò sọ ibi tí a máa kó lọ. Wọn ò kọ orúkọ ẹni tí a lè lọ bá.

Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a lọ dí títì, kí a dáná sun táyà, pé ìjọba kò gbọ́ èdè mìíràn. Àwọn kan ní kí a di ẹrù wa kí a máa lọ, pé kò sí ẹni tó ń bá ìjọba jà tó ń borí. Èmi kò sí nínú ìkankan. Nítorí èyí, àwọn kan ní mo ti gba owó lọ́wọ́ yín, àwọn kan sì ní ẹgbẹ́ alátakò ló ń rán mi níṣẹ́. Alága, ẹ kò fún mi ní kọ́bọ̀, n kò sì ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí mo rí ní ìhà méjèèjì ni mo fẹ́ sọ.

1. Lórí gọ́tà, ẹ jàre. Ìlú orí àpáta ni Abẹ́òkúta. Bí òjò bá rọ̀, àpáta kò mu omi, gbogbo rẹ̀ ló ń sáré wá sí ìsàlẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní ìsàlẹ̀ ló sì ń dé sí. Ta ló ti gbàgbé òjò July 13, 2018? Ọkọ̀ ń léfòó lójú títì bí igbá, ilé wó, ènìyàn kú. Ọdún yẹn, mo kó àpò èlùbọ́ mẹ́fà dànù, nítorí láfún tí omi àgbàrá bá ti kàn, ẹran pàápàá kò ní jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan gọ́tà náà kò bá wa wí i.

Àwa náà sì jẹ̀bi. Ọ̀rá omi, èèpo àgbàdo, ìyẹ́ adìẹ, inú gọ́tà yẹn là ń dà á sí. Púpọ̀ nínú wa ti na pákó kọjá ààyè wa, a gbé e lé orí gọ́tà, débi pé bí àwọn agbálẹ̀ bá dé, wọn kò rí ibi ki ọwọ́ bọ̀. Èmi fúnra mi gbé pákó méjì lé e lórí. Mo ń sọ ọ́ ní gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a rò pé mímọ́ ni wá.

2. Ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é ni kò dáa. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ń ṣe ìpàdé ní oṣooṣù. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, ìpàdé wà, kánsẹ́lọ̀ wa sì wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí àwọn tó ṣe ìkómọ, ó dìde, ó lọ, kò mẹ́nu ba gọ́tà. Ọmọ tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé ni, n kò gbà pé ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fi pa mọ́ fún wa. Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀. Bí ẹni tí a dìbò yàn láti wọ́ọ̀dù wa bá lè jókòó nínú káńsù tí ìpinnu sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ta ló wá ń pinnu? Ìyálọ́jà wa kò gbọ́. Baálẹ̀ kò gbọ́. Ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ sọ fún gbogbo wa.

3. Ẹ ò bi wa, ẹ ò sì mọ ohun tí a mọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù kà, nítorí owó ìlú ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí omi ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Gọ́tà wa kò kéré. Ibi tó ti ń kún kì í ṣe iwájú ọjà, bí ẹ ti rò. Lẹ́yìn ọjà, ní ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́tà ti gba abẹ́ títì kọjá lọ sí odò, páìpù ńlá méjì ni wọ́n rì sílẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀kan ti dí pátápátá. Yanrìn ti kún un dé ọrùn, koríko ti hù jáde ní ẹnu rẹ̀, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ti há síbẹ̀ ó kéré tán láti ọdún mẹ́ta. Páìpù kan ṣoṣo ló ń dá ṣiṣẹ́ méjì. Bí òjò bá ti lé ní wákàtí kan, omi á dé ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà, á padà sẹ́yìn, á sì wọ ọjà. Ẹ̀yìn ló ti ń wá bá wa. Gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aláta kan wà nínú wa tó máa ń wo ẹnu páìpù yẹn kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun kó ata gun orí tábìlì.

Ẹ wá rò ó. Bí ẹ bá fẹ gọ́tà níwájú ọjà tí ẹ kò fọwọ́ kan páìpù abẹ́ títì, ṣe ni omi púpọ̀ sí i á máa yára dé ibi tó ti dí. Ẹ ó ná owó, ẹ ó lé wa, omi á sì tún wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tuntun tí ẹ kọ́. N kì í ṣe ẹnjiníà. Kí ẹ rán ẹnjiníà wá, kí ó dúró pẹ̀lú wa níbẹ̀ ní ọjọ́ òjò, bí mo bá ṣì í sọ, kí ó wí i lójú gbogbo ènìyàn, n ó sì tọrọ àforíjì.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò wa lọ́jọ́sí, ọkùnrin tó wá wo ilẹ̀ kọ́kọ́ bá àwọn ìyá tó ń ta omi jókòó, ó bi wọ́n léèrè kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí wọ́n júwe fún un ló gbẹ́ ẹ sí. Ẹ̀rọ náà ṣì ń tu omi dòní.

4. Lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ yín ń pè wá ní ẹni tó kàn jókòó sí ojú ọ̀nà láìgbàṣẹ. Mo ní ìwé àjákọ kan, eléèpo aláwọ̀ búlúù. Inú rẹ̀ ni mo ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí wọ́n ń já fún mi mọ́ láràárọ̀, èyí tí òjò kò bá bà jẹ́. Igba náírà ni, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Lọ́dún, owó èmi nìkan jẹ́ 62,400 náírà. Bí gbogbo àwa mọ́kànlélógójì bá ń san án déédéé, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ lọ́dún kan, láti ọjà tí kò gùn ju ilẹ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ mi láràárọ̀ kò lè sọ lálẹ́ pé òun kò mọ̀ mí.

Kí ni owó náà ti ṣe? Ìbéèrè ni o, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jábọ́, aṣọ ìró ni a ta síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí owó náà lọ sí ibi tó dáa, kí ó jẹ́ òun ni wọ́n fi ń ra oògùn sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, tàbí òun ni wọ́n fi ń san owó àwọn agbálẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún wa, a ó gbà, a ó tilẹ̀ yìn yín. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún wa rí.

5. Òfin. N kò ní pẹ́ lórí èyí, agbẹjọ́rò kọ́ ni mí. Ìwé òfin 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú, gọ́tà, títì àdúgbò àti ìdọ̀tí kíkó sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ yín la wá, a kò wá ọ̀dọ̀ gómìnà, a kò sì wá ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé owó kì í dé ọwọ́ alága káńsù, pé inú àpò àjùmọ̀ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló ń há sí. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, mo sì ń bá àwọn tó ń fi gbogbo ẹ̀bi di káńsù jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ní November 16 ọdún náà, a tò sórí ìlà, a dìbò ìjọba ìbílẹ̀, mo wà lórí ìlà náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí owó bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín tààrà, ọ̀dọ̀ yín náà ni ìbéèrè ń bọ̀ tààrà.

Òfin kan tún wà tí wọ́n ṣe ní 2011, tó fún ará ìlú láṣẹ láti bèèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún iléeṣẹ́ ọ̀hún láti dáhùn. Ọjọ́ méje kan náà ni ẹ fún wa láti kó ọjà ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kúrò nílẹ̀.

6. Ìtàn tiwa. Nígbà tí àwọn baba wa tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, ọ̀pọ̀ ìlú ló kó ara wọn jọ di ìlú kan: Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá, Òwu sì dé lẹ́yìn náà. Àwọn Ògbóni wà, àwọn Ológun wà, àwọn Pàràkòyí sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọjà àti òwò ni tiwọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dá ọ̀rọ̀ ìlú pinnu lẹ́yìn àwọn tó kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba. Àwọn ẹlòmíràn fi ń bú wa. Èmi kò kà á sí èébú, àpèjúwe ìlú tí wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ni.

Ẹ sì rántí àwọn ìyá wa. Ní 1947, àwọn obìnrin kún iwájú ààfin ní Aké, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ṣáájú wọn. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin nígbà náà, kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní January 1949, ó sì di December 1950 kí ó tó padà. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó jókòó sílẹ̀ níwájú ààfin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ó bá ń sọ ọ́, ó máa ń sọ pé owó náà dun àwọn lóòótọ́, àmọ́ èyí tó dun àwọn jù ni pé wọn kò bi àwọn. N kò fi èyí dẹ́rù bà yín, Alága. Kò wù mí kí a tún débẹ̀. Ọdún tó gùn ni ìlú fi tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n wá táyà lọ nìyẹn.

7. Ohun tí à ń bèèrè. Ẹ so ọjọ́ méje náà rọ̀ títí ẹ ó fi bá wa jókòó. A kò ní kí ẹ fagi lé iṣẹ́ náà o, a ní kí ẹ dúró díẹ̀. Ẹ fi àwòrán iṣẹ́ náà hàn wá, ibi tí gọ́tà máa gbà, iye tó máa ná yín, orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná tí ẹ lẹ èkínní mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà kọ́kọ́ wo páìpù abẹ́ títì kí katapílà tó kan ilẹ̀.

Bí ó bá pọn dandan kí a kúrò fún ìgbà díẹ̀, ẹ fún wa ní ibi tí a lè pàtẹ sí, kí ẹ sì kọ orúkọ àwa mọ́kànlélógójì sílẹ̀, kí ẹ bu ọwọ́ lù ú, pé àwa ni a ó kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀bù lọ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́ wọn tán, ní owó tí aláta lè san. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ó ti ṣojú wa ní àwọn ọjà kan: wọ́n lé ẹni tó ń ta tòmátì, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dé, ẹni tó ń ta fóònù ló gbà á, alátòmátì sì wà ní ẹ̀bá títì níbi tí ọkọ̀ ti lè gbá a.

Kí ẹ sì máa pe ìpàdé ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ wá sọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kò pọn dandan kí ẹ kó àga oníke àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Abẹ́ igi tó.

8. Ohun tí àwa náà máa ṣe. A ti jókòó lórí èyí, Ìyálọ́jà sì ti fọwọ́ sí i. Gbogbo pákó tó wà lórí gọ́tà máa kúrò kí oṣù yìí tó parí, ẹni tó bá kọ̀, ẹgbẹ́ máa ká a kúrò fún un. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọjà tó ṣí, a ó máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò ní dúró, bí inú tilẹ̀ ń bí àwọn kan tí wọ́n ní kí a má san án mọ́. Bí ẹ bá sì fi hàn wá, lójú gbogbo wa, pé kò sí bí gọ́tà náà ṣe lè fẹ̀ àfi kí apá kan ọjà lọ títí ayé, èmi á wà lára àwọn tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù. Kì í ṣe gbogbo wa ni inú wa máa dùn. Àmọ́ a ó mọ ìdí rẹ̀.

Mo ti mú ẹ̀dà lẹ́tà yìí wá sí káńsù, akọ̀wé yín kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà. A ó fi ìjókòó yín sílẹ̀ níwájú. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ bá mi rìn dé ibi páìpù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Pákó méjì tí mo sọ pé mo gbé lé orí gọ́tà, mo ti gbé wọn kúrò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Eléèlùbọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà àdúgbò, Abẹ́òkúta